Èso Méjì Orí Igi Kìfáyàtù

Ọdún méjìlá ni Àlàájà Kìfáyàtù fi bomi rin igi útúrújà kan ṣoṣo, irú ọsàn ńlá olóòórùn dídùn kan, tó wà lágbàlá rẹ̀ ní Nakkásà, lórí òkè nílùú Mẹ́kà. Ọdún méjìlá náà ni aládùúgbò rẹ̀, Àlàájà Bánkẹ́, fi ń fi igi náà ṣe ẹ̀fẹ̀.

“Kìfá, èso méjì péré lọ́dún! Gé ẹ̀ka rẹ̀, kí o so ó mọ́ ìdí ọsàn wẹ́wẹ́, yóò so débi tí apá rẹ kò ní ká a.”

Kìfáyàtù a rẹ́rìn-ín, kò sì ní gé e. Ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún kí ó tó mọ Kùránì í kà, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi ń jẹun. Lọ́jọ́ tó kà á parí, olùkọ́ rẹ̀ sọ fún un pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi onígbàgbọ́ tó ń ka Kùránì wé útúrújà: òórùn rẹ̀ dára, adùn rẹ̀ dára. Kìfáyàtù ra èso kan, ó gbin hóró rẹ̀. Ohun tí Ànábì fi ṣe àpèjúwe, òun kò ní pa á pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn.

Lọ́dún yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ Rumaysa, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jẹ́dà, pè é lórí fóònù.

“Yā ummī, ìyá mi, Dókítà Nuh tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Júù ni. Òun àti ìdílé mẹ́rin mìíràn ti fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àgọ́ sẹ́yìn ilé wọn. Ọdún Àgọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Útúrújà ni wọ́n máa ń gbé sókè níwájú Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n ooru ti ba èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn jẹ́. Bàbá rẹ̀ tó wá kí i, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò ṣe ọdún yìí láìsí i rí. Èso náà gbọ́dọ̀ pé láìlábàwọ́n, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ má kán, kí wọ́n má sì so igi rẹ̀ mọ́ igi mìíràn. Mo ti ní ẹ ní in.”

“Ta ló rán ọ?” Ṣùgbọ́n Kìfáyàtù ti dìde. Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa kí á ṣe dáadáa sí ẹni tí kò bá wa jà.

Bánkẹ́ bá a di igi mú. Bó ti rí ṣóńṣó gbígbẹ náà, ó nawọ́ láti ṣẹ́ ẹ dànù, kí èso lè mọ́ lójú.

“Fọwọ́ kúrò ńbẹ̀!”

“Àbí ẹyin ni?”

“Ó ju ẹyin lọ lónìí.”

Kìfáyàtù já èso náà, ó fi òwú wé e, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Jẹ́dà, ó sì gbé e lé ẹsẹ̀. Gbogbo gegele tó wà lọ́nà láti Mẹ́kà dé Bahra ló fi ń ṣe *bisimilláhì*. Nígbà tí Rumaysa fi mú ìyá rẹ̀ dé ilé Dókítà Nuh ní Jẹ́dà, oòrùn ti ń wọ̀.

Bàbá arúgbó náà, tí wọ́n bí ní Yẹ́mẹ̀nì, gbọ́ èdè Lárúbáwá. Ó yí èso náà wò títí. Ṣóńṣó orí rẹ̀ wà níbẹ̀.

“Hájà, ṣé wọn kò so igi rẹ̀ mọ́ òmíràn?”

“Wàláhì, èmi ni mo gbin hóró rẹ̀. Ọdún méjìlá ni wọ́n fi bẹ̀ mí pé kí n so ó, n kò gbà.”

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé útúrújà náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i, àwọn ọmọdé sì hó yèè.

“Àwa ni o ń tọ́jú rẹ̀ dè,” ni ó wí.

Kìfáyàtù gbójú sókè nínú àgọ́ náà. Láàárín imọ̀ ọ̀pẹ, ó rí sánmọ̀. Ó rántí bí Ọlọ́hun ṣe fi ẹ̀ṣújò ṣíji bo àwọn ènìyàn Ànábì Músá nínú aṣálẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi ayọ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Bánkẹ́ ni.

“Ṣé wọ́n gbà á?”

“Wọ́n gbà á, alihamudulilláhì!”

Bánkẹ́ náà dúpẹ́ fún Ọlọ́hun.

“Kìfá, èyí tó kù lórí igi, jọ̀wọ́, fún mi ní hóró rẹ̀ kan. N kò ní so ó mọ́ nǹkan kan.”