Ṣùkú Orí Tábìlì

Onídìrí ni ìyá mi ní Kétu, ọwọ́ tí wọ́n fi ń di irun náà ni wọ́n fi ń di búrẹ́dì ọdún Kérésì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n á po fùláwà mọ́ ṣúgà, bọ́tà, íísì àti àgbọn Mile 12 tí mo rin títí ìka mi fi bó. Tó bá ti wú, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á gbé tíréè sáàárín orúnkún bí ẹni gbá orí oníbàárà mú, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣùkú: gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ á gòkè lọ pàdé láàárín.

Àṣìṣe wọn kò yí padà. Wọ́n máa ń fà á le jù, búrẹ́dì tó yẹ kó ráyè wú á sì bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìkòkò oníyanrìn tí a fi ń yan án lórí èédú.

“Mọ́mì, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nàá.”

“Tí mo bá dẹ̀ ẹ́, ṣé ó máa pẹ́ lórí?”

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi wúkọ́.

Ṣùkú ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ràn láti dì. Abuja ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdọọdún ló máa ń ní òun ń bọ̀, ọdọọdún ni ọ̀gá rẹ̀ kì í jẹ́ kó wá. Ìyá mi á gbé búrẹ́dì sáàárín tábìlì, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ rèé o,” wọ́n á gbàdúrà fún un kí a tó gé e. Inú máa ń bí mi. Èmi tí mo rin àgbọn, tí mo fẹ́ èédú, ta ló rí tèmi? Irun pátẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń dì fún mi. Lọ́dún kan mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì.

“Ìwọ tí o wà níbí? Jẹun jàre.”

Mo jẹ ẹ́, mo sì fajú ro. Bí ó ṣe ń wù mí tó pé kí ọ̀kan jẹ́ tèmi, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Nígbà tó yá, mo lọ́kọ, mo bá ọkọ mi lọ sí Port Harcourt. Kérésì àkọ́kọ́, oyún kò jẹ́ kí n lè wá sílé. Mo pe ìyá mi lórí fóònù lọ́sàn-án, mo ń gbọ́ ìró àwo. Mo béèrè bóyá wọ́n ti gé búrẹ́dì.

Wọ́n ní, “A fẹ́ gé e báyìí ni. Pátẹ́wọ́ ni mo dì.”

Ó yẹ kí inú mi dùn. Omi ló bọ́ lójú mi. Mo béèrè bóyá ó bẹ́, wọ́n ní ó bẹ́. Mo ní kí wọ́n máa gé e.

Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń wù mí jù ni kí n tún jókòó nídìí tábìlì yẹn, kí wọ́n gbé ṣùkú ẹ̀gbọ́n mi síwájú mi, kí inú sì máa bí mi.