Iṣẹ́ Àdúrà Ìbẹ̀rẹ̀ Ni Wọ́n Fún Wa

Ilé-iṣẹ́ aṣọ tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa kò láhun rárá. Aró yòówù tí wọ́n bá fi rẹ aṣọ lọ́sẹ̀, wọ́n á fi èyí tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ sí wa lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gọ́tà. Gọ́tà gbé e fún ilẹ̀, ilẹ̀ sì gbé e fún kànga tí bàbá mi gbẹ́ sẹ́yìnkùlé wa ní Sabon Gari, ní Kánò, kí wọ́n tó kú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, omi kànga yẹn mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aládùúgbò fi ń tò láti wá pọn ọ́n. Nígbà tí ìjọba fi máa kó SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, dé, mo ti di tíṣà, omi náà sì ti di àwòṣífìlà.

Ògì ni ìyá mi ń tà, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi omi aró sẹ́ ògì kó funfun. Lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá rẹ aṣọ pupa, ògì wa á pọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ búlúù, ẹ má bi mí. Obìnrin Íbò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Enugu Road, oníbàárà wa láti ìgbà tí mo wà ní pámárì, ṣí abọ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Mama, this your akamu don wear uniform." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dá ògì padà. Àwọn oníbàárà yòókù kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọn ò kàn wá mọ́.

Òfin wà lórí omi ilé-iṣẹ́, ẹ má rò pé a ò ní. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò ńlá, kí omi aró sinmi níbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ di mímọ́ kó tó jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé, a sì rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó wá gba ìjọba nímọ̀ràn pé irú òfin bẹ́ẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn onílé-iṣẹ́, kí wọ́n pa á tì. Ta ló sọ fún àwọn òyìnbó yìí pé ẹ̀rù ń ba onílé-iṣẹ́? Onílé-iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń kọ ìmọ̀ràn àti ẹni tó ń jẹ èrè rẹ̀, abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ̀, láti òkè òkun títí dé Kánò. Àwa tí à ń mu omi náà nìkan ni kò sí nídìí abọ́.

Àwa mélòó kan bá kó ara wa jọ lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́rú: ìyá mi, Bàbá Wòlíì, olórí ìjọ Aládùúrà wa, Málàm kan, ará Hausa, tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí gọ́tà náà, àti èmi. Abẹ́ igi dóńgóyárò níta ni a ti ń ṣèpàdé nítorí Málàm kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì. A lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Máníjà wọn, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wa ní ẹlẹ́rìndòdò tútù, ó bèèrè ìlú wa, ó sì sìn wá dé géètì. Ìgbà tí a délé ni a rántí pé kò dáhùn ìbéèrè kankan.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ pé àpérò ńlá kan ń bọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Airport Road. Ibẹ̀ ni ìjọba, àwọn onílé-iṣẹ́ àti àwọn òyìnbó olówó-yíyá yóò ti pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe sí òfin náà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa láyè sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ètò ti kún, pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù, bí a bá fẹ́. Inú bí mi, mo ní ìwọ̀sí ni.

"Ẹ jẹ́ ká gbà á," Bàbá Wòlíì sọ fún ìyá mi. "Ìyá, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ, àdúrà nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í dá dúró láàárín."

Yorùbá ni Bàbá Wòlíì fi ń gbàdúrà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni ògbufọ̀ wọn, nítorí àwọn ọmọ tí a bí sí Kánò, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Bí Bàbá bá sọ gbólóhùn kan, èmi á sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ á ṣe àmín. Báyìí náà la ṣe fẹ́ ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fẹ́ dá Bàbá padà nítorí pé wọn ò wọ bàtà. Ìjọ tiwa kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. A ṣàlàyé títí kó tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn kan kápẹ́ẹ̀tì. Máníjà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tíṣà, ẹ bá mi bẹ Bàbá, kí wọ́n ṣe é ṣókí o."

Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n dijú. "Baba, ìwọ tó dá omi, tí o kò fi àwọ̀ sí i," ni Bàbá Wòlíì fi bẹ̀rẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀, àwọn òyìnbó ṣe àmín. "Rántí opó tó ń fi omi aró sẹ́ ògì ní Sabon Gari." Máníjà lajú. Kò tíì sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ nídìí tábìlì yẹn, ó wá ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo màlúù tó fẹ́ já okùn. Ìjọba ló ń sanwó oṣù mi, kọmíṣọ́nnà sì jókòó níwájú mi gan-an. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí.

"Omi tí opó yẹn ń mu," ni Bàbá ń bá a lọ, "òun ni kí gbogbo wa tó wà nínú yàrá yìí máa mu láti òní lọ, àwa àti àwọn ọmọ wa."

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Àwọn òyìnbó olówó-yíyá ṣe àmín tó dún kíkan. Mo rò pé ìfẹ́ ará ni wọ́n pè é. Kọmíṣọ́nnà ṣe tirẹ̀. Málàm, tó bá wa wá, dáhùn láti ẹ̀yìn, "Amin, ya Allah." Nígbà tí gbogbo ojú wá yí sí máníjà, òun náà ṣe àmín, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ayọ̀ mi kò pẹ́. Bí mo ṣe yíjú, mo rí ìwé kékeré kan lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ìpinnu àpérò náà ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀: òfin omi yóò lọ sinmi ná títí ara ọrọ̀-ajé yóò fi yá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa gidigidi, wọ́n sì ní ká máa lọ kí tíì tó dé. Bí a ṣe ń jáde ni àwọn agbáwo ń gbé omi inú ìgò wọlé, èyí tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín sí omi kànga wa nawọ́ gbà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà wá já páànù sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní àwọn fi ń dúpẹ́ àdúrà ni. Bàbá Wòlíì ní ká dá a padà. Olórí akọrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ọ̀hún bíi ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọrin, dìde ní ìpàdé ìjọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. Òjò ń pa wá nínú ilé Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú SAP yìí, bí wọ́n bá lé mi níbi iṣẹ́ torí páànù tí a dá padà, ta ni yóò gbà mí?"

Ìjọ gba páànù. Mo bínú sí i gan-an, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi ránṣẹ́ pe Málàm kó mú ṣọ́bìrì wá, wọ́n ní kí a dí kànga. Ògì tí wọ́n fi tọ́ mi, tí wọ́n fi rán mi níwèé lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó parí nìyẹn. Málàm bẹ̀rẹ̀ wo inú kànga, ó mi orí. "Mama, ruwan nan ya mutu," ni Málàm wí, pé omi náà ti kú. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní, "Màmá, kànga bàbá mi ni. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ pe Bàbá Wòlíì, kí wọ́n wá gbàdúrà sí i ká tó dí i."

Ìyá mi na ṣọ́bìrì sí mi.

"Àdúrà ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ omi yìí," ni wọ́n wí. "Bu yẹ̀pẹ̀."