Yàrá Ẹrù Àwọn Tó Ti Sàró Dé

Nígbà tí àwa tí a ti Sàró padà dé ti ń pọ̀ díẹ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn àgbà ìjọ wa ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ohun kan wá síbẹ̀ nínú ẹrù tó gbé la òkun kọjá, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ọ̀nà tí a gbà dé. Èmi aránṣọ ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú ibẹ̀. Ayùn káfíńtà wà níbẹ̀, Bíbélì tí omi iyọ̀ ti bà jẹ́, bàtà ọmọdé kan, ẹyọ ẹsẹ̀ kan. N kì í fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé àwọn tó ni ẹrù dúró sẹ́yìn mi.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi kò ju ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọdé lọ. Lágídígba ni, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ mi ló ni ín. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun òyìnbó ló gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tó sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ la jọ dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni ibà sì ti pa á. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú, èmi náà ni mo sì mú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá arúgbó kan tó ń rẹ aró ní Ìtòkú mú aṣọ wá kí n bá òun rán an, ó sì bá mi nínú yàrá náà. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ lára ògiri. Ó fi àtàǹpàkò tí aró ti sọ di dúdú kà á lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan ẹyọ kan tó funfun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní ẹyọ kan ló sọnù lódò lára ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ òun, òun fúnra òun sì gbẹ́ egungun màlúù dípò rẹ̀, nílùú àwọn tí ogun ti sọ di igbó.

Mo sọ fún un nípa ọkọ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́, ilé tí wọ́n kọ́, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sunkún. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tó ń kú lọ, ṣé ó pè mí?"

Ọ̀rẹ́ mi kò pe ẹnikẹ́ni. Omi ló ń béèrè, ní èdè Sàró. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun kò rántí ojú ìyá òun mọ́.

"Ó pè yín, Ìyá," ni mo wí.

Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà fún un láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n bá mi wí, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò yéé wá. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni yóò ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀melòó ló pe òun? Irú ohùn wo ló fi pe òun? Mo ń dá a lóhùn, mo sì ń fi kún un, títí òun náà fi kú, tí wọ́n sin ín tòun tìlẹ̀kẹ̀.

Mo rò pé yóò tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ikú ọ̀rẹ́ mi báyìí, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń pe ìyá rẹ̀ ní ohùn Ẹ̀gbá tó ti gbàgbé, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ mọ́ pé kò pè é.