Alálàyé àti Àwọn Ọmọ Elédè Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bàbá olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní Alálàyé nílé-ìwé rẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ àga ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló kó kíláàsì rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ girama tí wọ́n ń sọ èdè kan nílé, tí wọ́n sì ń fi èdè mìíràn kàwé. Wọ́n dé yàrá kejì, ó sì dúró níwájú àga onígi kan tó fara ti ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán, tí wọ́n sì fi okùn dì í. Alálàyé tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n má fojú àga lásán wò ó. Orí àga yìí ni wọ́n ti ń parí ìjà láyé àtijọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi kò jẹ́ jókòó lé e, nítorí pé igi rẹ̀ kì í gba irọ́ mọ́ra. Ẹsẹ̀ tó sán yẹn, òpùrọ́ kan ló fi orí kunkun jókòó. Bó ti ń sọ ọ́ lédè ilé ni ọmọ kan ń tú u sí èdè ilé-ìwé, kò sì pẹ́ tí àwọn àlejò tó kù fi amọ̀nà tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n rọ̀gbà yí Alálàyé ká. Obìnrin kan tilẹ̀ ti ń nu ojú.

Ibi tí òpùrọ́ náà ti ń tọrọ àforíjì ni ìtàn dé nígbà tí ẹ̀ṣọ́ yàrá náà wọlé pẹ̀lú ike oúnjẹ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun láyè. Ó gba àárín èrò kọjá, ó fa àga náà síwájú, ó jókòó, ó sì ṣí ike rẹ̀. Alálàyé wo ẹ̀ṣọ́, ó wo àga, ó wá rọra kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ti rí i báyìí," ó ní. "Olóòótọ́ èèyàn ni ọkùnrin yìí."

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ni olùkọ́ kejì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí Alálàyé fúnra rẹ̀ sọ ní Ìyá Ètò, nítorí pé kò sí ohun tí kì í ṣètò, títí kan ìgbà tí àwọn ọmọ yóò tọ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ló ní kó máa bá Alálàyé lọ. Ìrìn-àjò wọ̀nyí ti sú ọ̀gá àgbà. Ó ní àwọn ọmọ tí kò tíì mọ èdè kan délẹ̀ kò ní ohun tí wọ́n ń wá kiri ìgboro. Ó sọ fún Ìyá Ètò pé bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni òun yóò fi mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ tàbí kí wọ́n jókòó. Lọ́kàn Ìyá Ètò, ìdájọ́ náà ti parí lọ́jọ́ àga.

"Bàbá," ó ní nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ti ń padà, "gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kọ àlàyé sí lára. Kò sí àlàyé kankan lára àga yẹn."

"Mo rí i, àbúrò," ni Alálàyé wí. "Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹnì kan ṣàlàyé ẹ̀."

Bí òjò bá dí ọ̀nà, inú kíláàsì ló ti ń rìnrìn-àjò. Lọ́jọ́ kan ó sọ kíláàsì di ilé ìwòsàn. Ó fi ọmọ kan ṣe dọ́kítà, ó fi òmíràn ṣe ògbufọ̀, òun alára sì dùbúlẹ̀ sórí tábìlì gẹ́gẹ́ bí aláìsàn tí kò gbọ́ èdè dọ́kítà. Ó kérora débi pé ọ̀gá àgbà sáré dé, òun àti nọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan, nọ́ọ̀sì ti so irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn lápá. Àwọn ọmọ rò pé ara eré ni, Alálàyé kò sì fẹ́ ba eré jẹ́, ó túbọ̀ ń kérora. Àfi ìgbà tí ojú nọ́ọ̀sì yí padà, tó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá yìí ti ga jù, kó lọ rí dọ́kítà gidi.

Alálàyé dìde jókòó, inú rẹ̀ ń dùn. "Ẹ gbọ́ o," ó sọ fún kíláàsì. "Mo mọ eré ṣe débi pé ẹ̀jẹ̀ mi gan-an ti gbà á gbọ́."

Òfin kan ṣoṣo ló ní fún ìrìn-àjò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú u: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tọrọ nǹkan fúnra rẹ̀. Méjì méjì ló ń pín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò bá a tọrọ, lédè tó nira fún ẹnìkejì yẹn. Òǹgbẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ọmọ kan pa níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń wá ọ̀rọ̀. Alálàyé á ní kò burú, ẹni òǹgbẹ ń gbẹ á mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kọ́ ọ̀rẹ́ òun.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí Alálàyé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ti dàgbà, bó bá ń sọ èdè ilé, òwe ni lọ́tùn-ún, òwe ni lósì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yí sí èdè ilé-ìwé, ojú tábìlì ló máa ń wò. Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ lédè yẹn. Nígbà tí wọ́n lọ sílé iṣẹ́ búrẹ́dì, òun ni Alálàyé mú ṣe ẹnìkejì ara rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì náà ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń po ìyẹ̀fun nígbà tí Alálàyé ní òun mọ̀ ọ́n pò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ọpọ́n títí dé ìgúnpá, ó pò ó, ó pò ó, ó sì há síbẹ̀. Oníbúrẹ́dì súnmọ́ ọn láti fà á jáde.

"Ẹ dúró ná," ni Alálàyé wí lédè ilé. "Ògbufọ̀ mi ò tíì sọ̀rọ̀."

Oníbúrẹ́dì ní òun gbọ́ èdè ilé, èdè tí ìyá òun fi tọ́ òun ni. Alálàyé ní òun kò jiyàn, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ìyá Àgbà ń wo ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fi iwájú iná sílẹ̀, wọ́n wá wo ọkùnrin tí ọpọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ mì. Ìyá Ètò wo aago rẹ̀. Lójú ètò, ó yẹ kí wọ́n ti wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó gbé ẹsẹ̀ láti lọ bá wọn parí ọ̀rọ̀ náà. Alálàyé wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró níbi tó wà.

Ìgbà náà ni ohùn kékeré kan jáde, lédè ilé-ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bàbá wa ti há." Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyókù ya bí omi: "Ẹ bá wa fà wọ́n jáde, sà. Ebi ń pa wá, búrẹ́dì yín sì ń jóná."

Lóòótọ́ ló ti jóná. Bó ti dúdú náà ni wọ́n gbà á, tí wọ́n jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́ku, Ìyá Àgbà sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́, lédè méjèèjì, pé òun ti kìlọ̀.

Nídìí ẹ̀rọ omi, Ìyá Ètò ló ń bá bàbá náà fọ ọwọ́. Omi kọ́kọ́ kàn án báyìí ni ìyẹ̀fun náà yọ̀ kúrò wọ́ọ́rọ́.

"Bàbá, nǹkan yìí ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ yín."

"Omi ibí ló dáa," ni Alálàyé fèsì.

Ó wo bàbá náà títí. Ó wá bi í léèrè bóyá ọ̀rọ̀ àga náà, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni. Ẹ̀rín pa Alálàyé débi pé ó di ògiri mú. "Rárá o, àbúrò mi. Àga yẹn tàn mí jẹ pátápátá."

Nínú ìsinmi gígùn ni Alálàyé sùn tí kò jí mọ́. Ẹkún pọ̀ nílé rẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn tó wá kí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lẹ́kun pẹ̀lú ìtàn, ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò síbi téèyàn lè jókòó sí nínú ilé yẹn kí ọkọ òun má kọ́kọ́ sọ ìtàn ibẹ̀ fún un.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé, ọ̀gá àgbà pe Ìyá Ètò sí ọ́fíìsì. Ó ní èèyàn rere ni olóògbé náà, ṣùgbọ́n ó tó gẹ́ẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ìrìn-àjò sinmi pẹ̀lú rẹ̀. "Ìwọ náà ṣáà rí ìdàrúdàpọ̀ tó wà níbẹ̀."

"Mo rí i, mà. Ìdàrúdàpọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ náà ni ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rí ti sọ̀rọ̀."

"Ta wá ni yóò máa kó wọn lọ?"

"Èmi ni, mà."

Ọ̀gá àgbà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, kó lè rí i dáadáa. "Ìwọ tí o máa ń ṣètò ìtọ̀?"

"Ìtọ̀ á ṣì wà nínú ètò, mà."

Ọ̀gá àgbà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò rí i ṣe. Bí wọ́n ṣe tún gba ọ̀nà nìyẹn. Ilé iṣẹ́ omi ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìyá Ètò jókòó níwájú bọ́ọ̀sì, aago lọ́wọ́, ó ń fetí sí ariwo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, èdè ilé-ìwé ló sì fi ń sọ ọ́, fún àwọn ọmọ tuntun tí wọn kò mọ Alálàyé rí. Ó ní bàbá náà kó wọn dé etí odò nígbà kan, ó sì ń kọ́ atukọ̀ bó ṣe yẹ kó máa wakọ̀, títí atukọ̀ fi gbé àjẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó ní ọkọ̀ náà ń yí lójú kan, ó ń yí, ó ń yí, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, Alálàyé kò sì gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n wà. Ó ní bàbá náà ní òun ń yí i ni kí gbogbo wọn lè rí odò náà lọ́tùn-ún lósì.

Bọ́ọ̀sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fún ẹ̀rín. Ìyá Ètò yíjú padà. Kò sí ìrìn-àjò kan tí òun kò bá wọn lọ, wọn kò sì lọ sétí odò rí. Ìyá Àgbà rí ojú rẹ̀, ó sì dá ìtàn náà dúró.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tuntun na ọrùn. "Mà, ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá Ètò fi aago rẹ̀ sápò.

"Lóòótọ́ ni," ó ní. "Mo wà nínú ọkọ̀ náà. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, omi sì ta sí mi lára."