Bàbá Ta-Lò-Ń-Bá-Wí

Lọ́jọ́ tí agogo iná dún nílé iṣẹ́, tí gbohùngbohùn ń pariwo pé, "Ẹ jáde o! Ẹ jáde!", gbogbo èèyàn sáré sọ̀ kalẹ̀, àfi bàbá àgbà tó ń kọ́ àwọn tuntun bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọlọ́dẹ gun àtẹ̀gùn lọ bá a níbi tó ti ń mu tíì.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ta ni wọ́n ń bá wí?"

"Gbogbo èèyàn ni!"

"Gbogbo èèyàn ṣáà ti lọ."

Ọlọ́dẹ di orí mú. "Bàbá, ẹ̀yin gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Bàbá dé fìlà. "Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Ó gbé ife tíì rẹ̀, ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n kàn ń dán agogo wò ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ló gba ìnagijẹ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ti wá. Ètò ilé ìwòsàn ni wọ́n ń kọ níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kọ àṣẹ tó ń sọ bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó, ó wá fi àṣẹ náà àti ìwọ̀n ooru náà sí sítátíìkì, ìyẹn ni pé wọ́n di ti gbogbo aláìsàn lápapọ̀, wọn ò mọ ẹnì kan yàtọ̀ sí ìkejì. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ibà ẹnì kan ṣoṣo ló hàn lára ọgọ́rùn-ún èèyàn.

Bàbá wo ojú kọ̀ǹpútà títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá wí? Ibà ta lèyí?"

"Ti aláìsàn ni, bàbá."

"Aláìsàn wo? Bó o bá fẹ́ mọ iye aláìsàn tó wà, bi gbogbo wọn lápapọ̀. Sítátíìkì nìyẹn, kò burú. Àmọ́ ara gbígbóná ní ẹni tó ni ín. Mú ẹnì kan ná, kó o tó bi í. O ti pín ibà bí ẹni pín ogún!"

Ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kọ̀wé sí i pé, "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n." Bàbá gbé ìwé náà padà lọ bá akọ̀wé wọn. "Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Oníbàárà nílé mi." Wákàtí méjì ló fi jókòó tì í, títí akọ̀wé fi fọwọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Akọ̀wé ń rẹ́rìn-ín, àfìgbà tí bàbá dúpẹ́, tó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nì kan ti kọ̀wé sóun gbẹ̀yìn.

Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà lókè òkun. Ilé rẹ̀ dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ aago ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ò wá síṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọmọbìnrin ọjọ́sí lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ta ni?"

"Àwa ni, bàbá. Gbogbo ilé iṣẹ́ ní ká kí yín."

"Gbogbo ilé iṣẹ́ ò lè gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé. Ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Èmi nìkan."

Kọ́kọ́rọ́ yí. "Èmi nìkan lèmi náà. Wọlé."

Ó gbé omi kaná. Ó pẹ́ kó tó rí ife kejì.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, bàbá papòdà. Ọmọbìnrin náà ni wọ́n ní kó palẹ̀ tábìlì rẹ̀ mọ́. Nínú kọ̀ǹpútà bàbá, ó rí ètò kékeré kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ sí. Bàbá ti to gbogbo àwọn tó ti kọ́ níṣẹ́ síbẹ̀, èèyàn mẹ́tàdínláàádọ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú pẹ̀lú ìkíni tirẹ̀. Ti ẹnì kan: "Ẹsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti jinná?" Ti ẹlòmíràn: "Alágídí, o kú iṣẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kà á lọ, títí ó fi kan tirẹ̀.

"Ìwọ tí kì í jẹun àárọ̀, ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀sán ti pọ́n. Yàrá náà ṣófo.

"Mi ò tíì jẹun, bàbá."