Àárọ̀ Tí Àna Mi Kò Dá Mi Lóhùn

Mo rántí ìgbà tí àyà mi máa ń já kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, láìsí ìdí kan pàtó. Bẹyẹrúnká ni mo ń gbé nígbà náà, mo sì ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Bẹẹrẹ. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé ìrìn àárọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ìrìn lásán. Gbogbo ojúde ló ní àgbàlagbà tirẹ̀ tó jókòó, o kò sì gbọdọ̀ kọjá láìkí ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe bí eré ni èmi sọ di ìdánwò. Bí ìyá kan bá fi ẹ̀rín dáhùn, ara mi á balẹ̀ títí dé ojúde kejì. Bí òmíràn bá kàn mi orí, mo ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ṣé mi ò dọ̀bálẹ̀ tó ni, àbí wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ lánàá? Màmá mi a máa sọ pé bí wọ́n bá ní kí n wá ohun kan tí yóò dà mí láàmú, màá rí méjì, màá fi ọ̀kan tọrẹ.

Ilé ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya wà lójú ọ̀nà mi gan-an. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, ọlọ́yàyà èèyàn ni wọ́n, ẹnu wọn kì í sì í sinmi. Bí o bá kí wọn, wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ, wọ́n á béèrè ti ìyá rẹ, wọ́n á tún béèrè bí àwọn máṣíìnì ṣe ń ṣe sí. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí àwọn ẹbí wa ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí bàbá yìí bá fi lè sọ pé àwọn ò fẹ́, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, nítorí ọmọbìnrin náà ti sọ fún mi lójúkojú pé òun ò ní fẹ́ ọkùnrin tí bàbá òun ò bá fọwọ́ sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, mo bá wọn lórí àga níwájú ilé, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà." Wọ́n wò mí. Mi ò lè sọ pé wọn ò gbọ́, nítorí ojú wa ti ṣe mẹ́rin. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí ògiri. Àgbà tó bá fọwọ́ lẹ́rán, ẹni tó ń ro nǹkan ni, èmi nìkan ni mo sì wà níwájú wọn. Ta ni wọn ì bá tún máa rò?

Lọ́jọ́ náà, mo tú máṣíìnì ìyá aránṣọ kan. Nígbà tí mo tò ó padà tán, irin kéékèèké mẹ́ta ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́. Òógùn bò mí lábẹ́ òjìji. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo pe ọmọbìnrin náà lórí fóònù ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ògùnpa. Mo ní, "Kí ni mo ṣe fún bàbá?"

Ó ní, "Ṣé o ti bi wọ́n ni?"

"Báwo ni màá ṣe bi wọ́n?"

"Ẹnu ni wọ́n fi ń bini."

Ìmọ̀ràn tó dára jù lọ tí wọ́n fún mi lọ́dún náà nìyẹn, mo sì sọ ọ́ nù. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ẹsẹ̀ òkè Màpó ni mo gbà lọ. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa báni bẹ̀bẹ̀. Agbádá kan wà tó yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀bẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo ṣe, mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "Ìyẹn ló burú jù. Ẹ̀ṣẹ̀ téèyàn bá mọ̀, ó kéré." Ó ní a kì í bi àgbà léèrè ohun tó ń bí i nínú, pé ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú, àlàyé á wá tẹ̀ lé e. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ó sì ní kí n ra orógbó tó dúró dáadáa, nítorí a kì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo.

Nírọ̀lẹ́, àwa mẹ́rin wọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, mo ti nà gbalaja sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní, "Bàbá, ọmọ yín ti mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀." Ní ilẹ̀ wa, àgbà tí wọ́n bá wá bẹ̀ kì í béèrè pé nítorí kí ni, kó má bàa dà bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n fi ṣẹ òun. Àna mi fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, "Hùn." A gbé orógbó síwájú wọn. Wọ́n wò ó bí ẹni tó rí òkúta, wọ́n mi orí, wọ́n sì rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Wọn ò tíì gbà. Jẹ́wọ́."

"Kí ni kí n jẹ́wọ́?"

"Èyíkéyìí tó o bá ní."

Mo jẹ́wọ́. Mo jẹ́wọ́ pé níbi ìkómọ tí wọ́n ṣe nílé wọn, mo mú ẹran kejì nígbà tí wọ́n yíjú. Mo jẹ́wọ́ pé ọjọ́ tí atẹ́gùn gbé fìlà wọn lọ lójú ọ̀nà Ọjà'ba, ẹ̀rín ni mo ń rín, kì í ṣe ikọ́. Mo tún ń jẹ́wọ́ pé mo sọ fún ọmọ wọn pé àwọn èrò ọ̀nà ń gbọ́ híhanrun bàbá rẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ mi pé ó tó. Àna mi kàn ń wò mí ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n sọ ọ́ láàárín ètè pé, "Mo ti gbọ́." Mo padà sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé mo ti fi ẹnu ara mi tú ìgbéyàwó mi ká.

Nígbà tí mo dé Bẹẹrẹ lọ́jọ́ kejì, àna mi ló wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀ mi. Ojú wọn pọ́n ju ti àná lọ. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n dì mí mú. Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ní, "Jókòó. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọmọ mi ti lóyún ni?"

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà.

Wọ́n ní, "Àgbàlagbà mẹ́ta ò ní torí ẹran kan wọ agbádá. Mi ò lè sùn. Mo rò pé oyún ni, pé ẹ kàn fi ọ̀rọ̀ ẹran bò ó mọ́lẹ̀ ni."

"Kò sóyún kankan sà. Ẹ ò dá mi lóhùn ni."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ àná."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n sì mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Eyín iwájú kan ti lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n yọ ọ́ fún wọn lọ́sibítù, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n díbọ́n nílé pé orí ń fọ́ àwọn, wọ́n tètè wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń ro wọ́n ni wọ́n fi ọwọ́ gbé. Ohun tó bà wọ́n lẹ́rù ni pé àwọn ẹbí mi yóò wá lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á rí àlàfo náà, wọ́n á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti pinnu láti máa mi orí títí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà yóò fi parí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa àna mi. Wọ́n rín in débi pé wọ́n gbàgbé láti bo ẹnu. Wọ́n ní, "Èmi náà, àyà mi kì í gbélé. Ṣùgbọ́n gbọ́: bí mi ò bá dá ọ lóhùn, padà wá bi mí. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Má tún kó àgbàlagbà jọ lé mi lórí." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Mi ò sì tíì dárí ẹran yẹn jì ọ́."

Ọjọ́ ti pẹ́, ọmọ ti di mẹ́ta. Mi ò ní parọ́ pé ẹ̀rù ti fi mí sílẹ̀. Ó ṣì ń wá, pàápàá láàárọ̀. Àmọ́ bí àyà mi bá ti já, mo máa ń bi ara mi bóyá mo ti béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún, àbí èmi nìkan ni mo jókòó tí mò ń dá ẹjọ́ náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi nìkan ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kí àna mi níwájú ilé wọn. Wọ́n ti darúgbó gan-an, eyín tó kù ò pọ̀ mọ́. Wọ́n wò mí, wọ́n yí ojú sí ògiri. Àyà mi já gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́. Mo ti kọjá ilé méjì kí n tó dúró, kí n tó ṣẹ́rí padà. Mo lóṣòó tì wọ́n, mo ní, "Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ìkíni àkọ́kọ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá o ṣì máa padà wá ni."

Mo jókòó tì wọ́n, mi ò sì tètè ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ náà.