Ẹ̀rọ Tuntun Tí Ọkàn Rọra Fà Sí

Agégíláàsì ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Rọra ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde jù lọ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá níbi tí wọ́n to gíláàsì fèrèsé sí, á ti sọ pé "Rọra" kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Òun fúnra rẹ̀ náà, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń ṣe. Ó lè dúró ti gíláàsì kan títí, kó máa fi ìka tọ́ etí rẹ̀ wò, kó tó wá fi ọ̀bẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ò lè rò ó láé pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á jókòó nítorí ẹ̀rọ géèmù.

Géèmù kì í ṣe ohun àjèjì sí i. Láti kékeré ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti ń gbá bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, torí pé ó ga, ó sì tín-ín-rín bí ọ̀pá. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ti dàgbà, ìyá Rọra sì máa ń sọ pé àwọn méjèèjì ò mọ ẹni tó bí wọn mọ́, páàdì géèmù ló bí wọn. Nígbà tí Lẹ́ńgẹ́ ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, tó ń wa mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, wọn ò jẹ́ kí ìyẹn tú wọn ká. Kálukú ra ẹ̀rọ géèmù, oríṣi kan náà, wọ́n so ó mọ́ nẹ́tíwọ̀kì. Bí ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá ti lẹ́, Rọra á wà lórí àga tirẹ̀, Lẹ́ńgẹ́ á wà lórí tirẹ̀, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì máa bú ara wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ọwọ́ Rọra ló máa ń lékè díẹ̀.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà tún gbé òmíràn jáde. Kì í ṣe tuntun pátápátá o. Kí ìran ẹ̀rọ tuntun gan-an tó dé, wọ́n máa ń mú ti àárín wá, kí ọwọ́ èèyàn má baà dilẹ̀. Géèmù kan náà ló ń gbá, páàdì kan náà ló ń lò. Àwòrán rẹ̀ ló kàn mọ́ sí i, tó sì tún yára sí i. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ohun tí wọ́n kàn tún ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó wà nílé.

Lẹ́ńgẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí Rọra mọ̀ tó rà á. Ṣe ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ra ìbọ̀sẹ̀. Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà, torí Lẹ́ńgẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu Rọra bí ẹni lu bàrà. Sátidé kan kọjá, òmíràn kọjá, ẹ̀yìn ni Rọra ń wà. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, kò rí àbùkù kankan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ni. Pé kí tòun tó ronú tán, ti Lẹ́ńgẹ́ ti ṣe é tán.

Ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò rí rí. Koríko pápá inú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, tó ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí wàhálà, wá dà bí ẹní tó gbó. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ wá ṣú bàìbàì. Ẹni tó bá sì ń fi ojoojúmọ́ wo gíláàsì bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́, bó bá ti rí ẹ̀gbin lẹ́ẹ̀kan, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

Bí wọ́n bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti jẹun ọ̀sán, búrẹ́dì á wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fóònù á wà lọ́wọ́ kejì. Fídíò àwọn tó gbé ẹ̀rọ méjèèjì síwájú, tí wọ́n ń fi wọ́n wéra, ló ń wò. Ẹnì kan á ní kí wọ́n rà á kíákíá, ẹlòmíràn á ní owó ìnákúnàá ni. Rọra á gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, á tún gba ti èkejì gbọ́, búrẹ́dì á ṣẹ́kù sílẹ̀. Láàárọ̀ á ní òun máa rà á, lọ́sàn-án á ní òun ò rà mọ́, ìrọ̀lẹ́ á tún dé pẹ̀lú tirẹ̀. Nílé, ó ń dìde, ó ń jókòó, bí ẹni tí èèrà wọ̀ ní ṣòkòtò. Lọ́jọ́ kan, ó wọn fèrèsé oníbàárà kan, ó sì gé gíláàsì rẹ̀ kúrú. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ọ̀gá ò bínú, ó kàn bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ìbéèrè yẹn dun Rọra ju kí ọ̀gá bú u lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, iṣẹ́ ọ̀hún sì ti fún un ní sùúrù. Ẹni tó ń fi ojoojúmọ́ jókòó ti ẹni tí kò tíì dá ibi búréèkì mọ̀, nǹkan díẹ̀ kì í dẹ́rù bà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ká aṣọ, Rọra sì ń rìn láti ìdí fèrèsé dé ìdí tẹlifíṣọ̀n, láti ìdí tẹlifíṣọ̀n padà sí ìdí fèrèsé.

"Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ lu ògiri lónìí," ni obìnrin náà wí. "Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní mọ́tò ọ̀hún ti gbó ni."

Rọra rẹ́rìn-ín, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. "Tó bá ti gbó lóòótọ́ ńkọ́?"

"Ẹ bá mi gbé tuntun fún un nígbà náà. Ògiri ṣì wà níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n kò ní kí ó má rà á. Ó ní owó wà, kò sì sí ohun tó ń jó àwọn lẹ́sẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Bó bá jẹ́ ohun tó máa jẹ́ kí ilé tòrò nìyẹn, kí ó lọ rà á. Ìyẹn ló wá da Rọra láàmú jù. Ká ní ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ni, ì bá rí ẹni bá jà. Ní báyìí, òun àti ara rẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń jà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tó parí iṣẹ́ fèrèsé kan nígboro, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta á. Wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì síbẹ̀, kálukú pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, géèmù kan náà sì ń lọ nínú méjèèjì. Rọra sún mọ́ ọn, ó fi ojú tó fi ń wá ojú sísán lára gíláàsì wò ó. Ó rí ìyàtọ̀. Koríko yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn sì ń dán níwájú orí agbábọ́ọ̀lù. Òǹtajà ṣọ́ọ̀bù náà ti ń wò ó, ó ti ń bọ̀.

Kò mọ ohun tó mú un yọ fóònù jáde. Bóyá ó fẹ́ kí ẹnì kan ti òun síwájú díẹ̀ ni. Ó pe Lẹ́ńgẹ́, ó rò pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àti pé kò ní gbé e. Òun á kàn fi ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ò tíì dún dáadáa tí Lẹ́ńgẹ́ fi gbé e. Ariwo èrò orí pápá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ariwo inú géèmù.

Rọra sọ ibi tó wà fún un. Ó ní kí ó sọ òótọ́ fún òun, ṣé kí òun rà á?

Lẹ́ńgẹ́ dín ariwo géèmù náà kù. "Bí o bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí wọ́n ṣe gbé e níbẹ̀ yẹn, wàá rí ìyàtọ̀. Bí o bá gbé ọ̀kan kúrò, kò ní pẹ́ tí o ò fi ní mọ èyí tó kù mọ́. Má rà á."

"Ṣebí òun náà lo fi ń lù mí?"

"Ẹ̀rọ kọ́ ló ń lù ẹ́, ọ̀rẹ́ mi," ni Lẹ́ńgẹ́ wí. "Àìríṣẹ́ṣe ni."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe jáde. Ilé ìkẹ́rùsí náà ti pa ẹ̀ka tí Lẹ́ńgẹ́ wà. Wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ní owó ìdágbére, Lẹ́ńgẹ́ sì mú nínú rẹ̀, ó fi ra ẹ̀rọ. Ó ní òun fẹ́ kí ohun kan jẹ́ tuntun nínú ọ̀sẹ̀ náà. Láti ìgbà náà, láti àárọ̀ ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, òun nìkan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Sátidé nìkan ló kù tó dà bíi ti tẹ́lẹ̀ fún un, kò sì fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun lórí rẹ̀.

Rọra kúrò ní ṣọ́ọ̀bù náà láìra nǹkan kan. Ìwọ náà á rò pé ara rẹ̀ máa wá balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ohun mìíràn ló bọ́ sí ipò ti tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Lẹ́ńgẹ́ ń gbá góòlù wọlé, tí òun ń pariwo pé ẹ̀rọ ni, kò bi í rí pé báwo ni iṣẹ́.

Ní Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láìsọ fún un. Ilẹ̀kùn ṣí, Lẹ́ńgẹ́ wò ó títí bí ẹni rí àlejò láti ọ̀run. Ó ti rù sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ò fi ẹran ṣòfò lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́tìnì fèrèsé wà ní pípa dé lójú mọmọ, ife tíì sì wà kálẹ̀. Ẹ̀rọ tuntun náà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, òun nìkan ni eruku ò sí lára rẹ̀. Lẹ́ńgẹ́ na páàdì kan sí i, wọ́n jókòó ti ara wọn, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Rọra ń wo koríko. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé koríko. Lẹ́ńgẹ́ lù ú.

Nígbà tó ṣe, Lẹ́ńgẹ́ bojú wo ilẹ̀, ó ní kí Rọra ra ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ òun. Òun á dín owó rẹ̀ kù dáadáa, òun nílò owó ilé.

Rọra ní òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Ó rìn títí dé ìparí òpópónà, ó padà, ó tún lọ. Ohun tó ti ń wá kiri ló jókòó nínú yàrá yẹn, ní owó pọ́ọ́kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á sì jàǹfààní. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e lọ, kí ni Lẹ́ńgẹ́ á máa wò lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn? Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé ẹ̀rọ náà lẹ lọ gbé níbẹ̀ ni?" ni obìnrin náà bi í.

Rọra yí padà, ó kọjú sí ilé Lẹ́ńgẹ́.

"Yàrá kékeré ilé wa ṣófo," ló wí. "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé mo ní kí wọ́n máa bọ̀."

Kò rọrùn. Lẹ́ńgẹ́ ní òun kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń kó bọ̀ wálé, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ náà títí búrẹ́dì fi gbẹ. Nígbà tó yá, ó kó aṣọ sínú àpò. Ẹ̀rọ náà, ará ilé kejì ló tà á fún, ó fi san gbèsè ilé, ó sì ti ilẹ̀kùn, ó bá Rọra lọ.

Rọra bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Àpótí gíláàsì máa ń wúwo, ẹni tó ń wa mọ́tò agbẹ́rù wọn sì ti fẹ́ lọ. Ọ̀gá ní kí ọkùnrin náà wá kí àwọn wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́ńgẹ́ gbé àpótí àkọ́kọ́ sókè, ó gbé e sílẹ̀, kò dún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti la ẹnu láti sọ pé "Rọra", wọ́n sì pa á dé. Wọ́n gbà á fún ìgbà díẹ̀ ná, ìgbà díẹ̀ náà sì ti ń gùn.

Ní Sátidé, orí ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, lórí àga kan náà. Iṣẹ́ ń rẹ Lẹ́ńgẹ́, Rọra sì tún ti ń nà án. Ó ní ìdùnnú rẹ̀ ò tó bí òun ṣe rò.

Bó bá ń ti iṣẹ́ bọ̀, ó ṣì máa ń dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Lẹ́ńgẹ́ á ti lọ síwájú, á wẹ̀yìn, á wá padà wá dúró tì í. Owó ẹ̀rọ náà ti wálẹ̀ díẹ̀. Rọra ò tíì rà á, kò sì sọ pé òun ò ní rà á.